Ẹ̀rọ Tí A Ò Tíì Gbàdúrà Sí

Ilé ìwòsàn kékeré kan wà lẹ́yìn Arakale ní Àkúrẹ́ tí pátákó tí wọ́n kàn mọ́ ògiri rẹ̀ tóbi ju ẹ̀rọ tí wọ́n torí ẹ̀ kàn án lọ. Ẹ̀rọ náà ò ju kúlà oúnjẹ ọmọ iléèwé lọ. Ti pátákó le jù bẹ́ẹ̀ lọ, bíríkìlà ni wọ́n pè kó wá gbẹ́ ògiri kó tó lè dúró. Orúkọ àwọn obìnrin tó ta ilé ìwòsàn náà lọ́rẹ ló kún orí rẹ̀, tòun ti oyè wọn, tòun ti oyè ọkọ wọn, títí kan ti àwọn ọkọ tó ti kú. Ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí àyè ti fẹ́ẹ́ tán, ni wọ́n há Ọlọ́run mọ́, pé gbogbo rẹ̀ jẹ́ fún ògo rẹ̀. Lẹ́tà tirẹ̀ ló kéré jù.

Mi ò lè kọjá níbẹ̀ kí n má rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rọ yẹn ló dá ẹ̀mí mi sí, torí ẹ̀ náà ni mo sì ṣe fẹ́ẹ̀ẹ́ kú.

Ikọ́ fée ni tèmi. Àwọn ẹgbẹ́ mi jogún ilẹ̀ àti oko kòkó, èmi jogún ikọ́ fée. Tó bá dé, àyà mi á há bí ìgbà tí mo bá wọ bùbá àbúrò mi, èémí mi á wá máa dún fíìn-fíìn bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo láti ọdún tí wọ́n ti gbé e kọ́. Ọmọ Oǹdó ni mí, ṣùgbọ́n Àkúrẹ́ ni mo ti lọ iléèwé gíga, mo sì gbé ikọ́ mi dání lọ pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì àti bókẹ́ẹ̀tì.

Ilé ìwòsàn tó wà nínú ọgbà iléèwé wa nígbà náà ò mọ oògùn mìíràn ju pàrásítámọ̀ lọ. Orí ń fọ́ ẹ, pàrásítámọ̀. Inú ń run ẹ́, pàrásítámọ̀. Ọmọkùnrin kan ní kíláàsì wa já bọ́ lórí ọ̀kadà, apá rẹ̀ kọ ojú síbi tí apá kì í kọ ojú sí, wọ́n fún un ní pàrásítámọ̀, wọ́n ní kó máa mu omi dáadáa. Nítorí náà, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ràn ẹ̀mí ara rẹ̀ ló ń wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí ilé ìwòsàn ẹ̀yìn Arakale yẹn, tí ìjọba kọ́ fún aboyún àti ọmọ ọwọ́. A wá jókòó sáàárín àwọn aboyún pẹ̀lú ìwé wa, bí ẹni pé àwa náà fẹ́ẹ́ bímọ.

Mẹ́túrọ̀nù ló ni ibẹ̀. Mo mọ̀ pé ìjọba ló ni ín, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè sọ bẹ́ẹ̀ lójú ẹ̀. Ọmọ Àkúrẹ́ ni, ó sanra, ó ga, tó bá ń bọ̀ ní ọ̀ọ̀dẹ̀ ìwọ náà á wá ògiri fara tì. Ìbéèrè kan ló máa ń kọ́kọ́ bi gbogbo ọmọbìnrin tó bá wọlé: ìgbà wo lo rí nǹkan oṣù rẹ gbẹ̀yìn? Ìbáà jẹ́ ẹ̀gún ló wọ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Àwọn ọkùnrin ní tiwọn, ohun tí wọ́n jẹ lánàá ló ń bi wọ́n, tí wọ́n bá sì ti ní gàrí, á jágbe mọ́ wọn bí ọmọ tó jalè. Lẹ́yìn náà á bu ẹ̀wà tirẹ̀ fún wọn jẹ. A bẹ̀rù ẹ̀, a sì fẹ́ràn ẹ̀, a kì í mọ èyí tó pọ̀ jù.

Ohun kan ṣoṣo tí kò sí lọ́wọ́ ẹ̀ ni ohun tí èmi nílò. Ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n máa ń da oògùn olómi sínú ẹ̀, á sọ ọ́ di ìkùukùu, wọn á fi ike bo imú àti ẹnu ẹni tí kò lè mí, onítọ̀hún á máa fà á símú títí àyà rẹ̀ á fi ṣí. Wọ́n ní ọ̀kan tẹ́lẹ̀. Ó ti dákẹ́ kí n tó dé Àkúrẹ́, òun ni wọ́n fi ń gbé fèrèsé yàrá abẹ́rẹ́ dúró kí atẹ́gùn má baà tì í. Ní ọdún àkọ́kọ́ tí mo lo níléèwé, ikọ́ náà gbé mi dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mẹ́túrọ̀nù gún mi lábẹ́rẹ́ títí, ó sì wá gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn ńlá nínú mọ́tò ẹni tó ń ta ẹja. Mo dùbúlẹ̀ lórí ìrù ẹja dé ibẹ̀. Ìròyìn náà dé Oǹdó kí èémí mi tó padà sípò.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe kan Màmá Oǹdó nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni. Ìlú Oǹdó ló ń gbé, kò sì sí ohun tó lè mú un kúrò níbẹ̀. Ipò ọ̀gá iléèwé ló ti fẹ̀yìn tì, àmọ́ kò sẹ́ni tó sọ fún ohùn rẹ̀ pé ó ti fẹ̀yìn tì. Inú ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ni wọn yóò ti sin ín, ní báyìí ná, òun ló ń darí ẹgbẹ́ àwọn ìyá tí gbogbo wọn jẹ́ tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Ẹgbẹ́ tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ jẹ́ tíṣà, ẹ lè fojú inú wo ìpàdé wọn. Gbogbo wọn ló ń sọ̀rọ̀, kò sí akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀.

Ohun méjì ni Màmá Oǹdó ò fi ṣeré. Èkíní ni pé ẹnikẹ́ni kì í lo ohun tuntun nílé rẹ̀ àfi tí wọ́n bá gbàdúrà sí i. Àwọn ọmọ iléèwé rẹ̀ àtijọ́ ra mọ́tò fún un, àlùfáà sì ti rìnrìn àjò. Màmá ní táyà mọ́tò náà ò ní yí títí àlùfáà yóò fi dé. Adìẹ yé sórí ìjókòó ẹ̀yìn, ó sàba, ó pa. Nígbà tí àlùfáà máa fi dé wá bẹ Ọlọ́run pé kó dáàbò bo gbogbo ẹni tó bá wọ mọ́tò náà, àwọn òròmọdìẹ ló ń dáhùn láti inú. Bàtà tí ó rà fún mi nígbà tí mo fẹ́ wọ iléèwé girama, inú báàgì ni mo gbé e sí, ẹsẹ̀ lásán ni mo fi rìn lọ, torí ọjọ́ ìsinmi ò tíì tó. Tíṣà mi bi mí ìdí tí mo fi gbé bàtà lápò tí mo ń rìn lórí òkúta. Mo ní wọn ò tíì gbàdúrà sí i. Ọmọ Oǹdó ni tíṣà náà, ó mi orí, ó ní kí n lọ jókòó.

Èkejì ni pé àdúrà tó bá ti bẹ̀rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ parí ẹ̀. Òjò ti rọ̀ lé wa lórí rí ní àgbàlá rẹ̀, ọbẹ̀ ti jóná rí, ewúrẹ́ aládùúgbò ti wọlé rí wá jẹ iyán tó wà lórí tábìlì, gbogbo wa la sì fi ojú kan rí i, ta ni yóò sọ̀rọ̀? Màmá ṣì wà ní ọ̀dọ̀ Nóà. Bàbá mi, tó jẹ́ àbúrò rẹ̀, máa ń jẹ búrẹ́dì ní ẹ̀bá ọ̀nà kó tó wọlé lọ kí i.

Àwòrán ọmọbìnrin kan wà ní pálọ̀ rẹ̀, nínú aṣọ iléèwé, tó di ọwọ́ mú níwájú bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé kó má mira. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo nìyẹn. Mo mọ̀ pé ó kú kí wọ́n tó bí mi, nígbà tí Màmá ń kọ́ni ní Bọ́lọ́rundúró níbi tí àwọn àgbẹ̀ pọ̀ sí. Mo bèèrè nígbà kan pé kí ló pa á. Bàbá mi já mi ní èékánná, mi ò bèèrè mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀ ọ́n báyìí, ẹ máa mọ ohun tó ṣe nígbà tó gbọ́ pé mo gun mọ́tò ẹja dé ilé ìwòsàn. Kò sunkún. Ó pe ìpàdé. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá ra ẹ̀rọ tuntun, wọ́n fi ránṣẹ́ láti Oǹdó, dírẹ́bà sì gbé e wọ ilé ìwòsàn Arakale bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Wọ́n ti fi léèsì funfun bò ó, wọ́n fi rìbọ́ọ̀nù pupa fífẹ̀ dì í yí ká, wọ́n ta á ní kókó ńlá lókè. Iṣẹ́ kan ló bá a wá: kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí àwọn yóò fi wá yà á sí mímọ́.

Wọn ò wá. Àlùfáà àgbà tó yẹ kó bá wọn wá kò ráyè. Nígbà tó ráyè, orúnkún ń dun akápò ẹgbẹ́. Nígbà tí orúnkún gbọ́, pátákó ni kò pé, wọ́n ti gbàgbé oyè ọkọ ìyá kan tó ti dolóògbé, ìyá náà sì fi àáké kọ́rí pé ọkọ òun ò ní kú lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n gbé pátákó padà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń kọ ọ́ nítòsí Ọjà Ọba. Ẹ̀rọ náà wà ní igun yàrá abẹ́rẹ́ pẹ̀lú ìbòjú rẹ̀. Ìyàwó ni àwa akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é. Tí a bá wọlé, a ó yà kí i: "Ìyàwó, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ọkọ ò tíì dé?" Mẹ́túrọ̀nù á ju ìdí abẹ́rẹ́ lù wá.

Ẹ̀rù ń ba òun náà. Ilé ìwòsàn mìíràn kan wà ní ọ̀nà Oǹdó tí àwọn ìyá yẹn fún ní fíríìjì. Àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ò lè mú sùúrù, wọ́n tàn án kí wọ́n tó wá gbàdúrà sí i. Àwọn ìyá dé, wọ́n bá omi tútù nínú ẹ̀. Wọ́n to àwọn ìgò omi náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́, wọ́n gbé fíríìjì wọn, wọ́n lọ. Wọ́n sì ti ṣèlérí kànga ẹ̀rọ fún Mẹ́túrọ̀nù lẹ́yìn ẹ̀rọ èémí. Omi tí àwọn aboyún ń lò níbẹ̀, orí ni wọ́n fi ń rù ú. Torí náà, Mẹ́túrọ̀nù ń ṣọ́ rìbọ́ọ̀nù yẹn bí ojú.

Òwúrọ̀ Sátidé kan nínú ọyẹ́ ni onílé wa pinnu láti sun ìdọ̀tí ilé. Kò sun ewé, kò sun bébà. Bẹ́ẹ̀dì fóòmù ògbólógbòó tí ìyá rẹ̀ kú sórí ẹ̀ ló sun, lábẹ́ fèrèsé mi. Èéfín dúdú wọ yàrá kí n tó lajú dáadáa. Mo na ọwọ́ sí oògùn kékeré tí mo máa ń fà sẹ́nu, mo mì í, mo fà á, atẹ́gùn lásán ló wá. Mo tún mì í bí ẹni pé mo ń bẹ̀ ẹ́. Ó ti tán.

Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé yàrá, ọmọ Àkúrẹ́ gidi, tí ìyá rẹ̀ ń rán aṣọ ní Ọjà Ọba, ló gbé mi sẹ́yìn bí ọmọ ọwọ́ dé títì. Ó bú onílé wa láti ẹnu ọ̀nà títí dé inú kẹ̀kẹ́. Ọlọ́kẹ̀kẹ́ bojú wẹ̀yìn, ó gbọ́ bí mo ṣe ń mí, ó ní ọwọ́ ayé ni, pé kí wọ́n kọ́kọ́ gbé mi lọ sí orí òkè àdúrà kan tí òun mọ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní tí kò bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lọ sí Arakale, ọwọ́ òun ló máa kọ́kọ́ rí kó tó rí ọwọ́ ayé. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Mẹ́túrọ̀nù rí mi, kò tiẹ̀ bèèrè nǹkan oṣù. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà le. Ó gbé mi jókòó, ó gún mi lábẹ́rẹ́, ó tún gún mi ní òmíràn. Àyà mi ò gbọ́. Ó ní kí nọ́ọ̀sì kékeré sáré lọ wá mọ́tò, àmọ́ ọjọ́ ọjà ni, títì ti dí pa. Mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì, mo fi ọwọ́ méjèèjì ti orúnkún, ojú mi sì bọ́ sára Ìyàwó ní igun rẹ̀, nínú léèsì funfun, pẹ̀lú kókó rìbọ́ọ̀nù lórí bí gèlè. N ò lè sọ̀rọ̀. Mo na ìka sí i.

Ọ̀rẹ́ mi rí ìka mi. Ó dìde lọ síbẹ̀. Mẹ́túrọ̀nù dìde dúró láàárín wọn.

"Wọn ò tíì yà á sí mímọ́," Mẹ́túrọ̀nù wí.

Ọ̀rẹ́ mi kì í fi èdè Àkúrẹ́ sọ̀rọ̀ níwájú àgbà, ẹ̀kọ́ ilé wọn nìyẹn. Lọ́jọ́ náà ó gbàgbé ẹ̀kọ́. "Ṣé uṣẹ́ tí ujọba gbé yín síbẹ̀ rèé? Kí ọmọ èèyàn kú, kí rìbọ́ọ̀nù wà láyé?"

"Ìwọ lo máa pọn omi fún àwọn aboyún mi tí wọn ò bá gbẹ́ kànga mọ́? Jẹ́ n pe Màmá. Ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ̀ ni. Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ni. Jẹ́ n pè wọ́n."

Ó pè é, ó sì ṣí ohùn fóònù síta kí ọwọ́ rẹ̀ lè ráyè wá oògùn tí yóò dà sínú ẹ̀rọ. Mo gbọ́ Màmá Oǹdó tó gbé e. Mẹ́túrọ̀nù kí i bí a ṣe ń kí àgbà, ẹ kú àárọ̀ mà, ẹ kú ọyẹ́ mà, ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà, mo sì ń wò ó, mo ń rò ó lọ́kàn pé tí mo bá yè, n óò gé obìnrin yìí jẹ. Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ kan dé tí kò lè mí, ṣé àwọn lè tú ẹ̀rọ náà. Kò sọ pé èmi ni. Bóyá ó bẹ̀rù láti dáyà já àgbà lórí fóònù, bí a ṣe máa ń ṣe. Òkú gan-an, a kì í túfọ̀ rẹ̀ lójijì.

Màmá Oǹdó ní kò burú, ẹ̀mí èèyàn ju ayẹyẹ lọ. Ọ̀rẹ́ mi ti di kókó rìbọ́ọ̀nù mú. "Ṣùgbọ́n," ni Màmá wí, "ẹ jẹ́ ká yà á sí mímọ́ lórí fóònù báyìí, kó má lọ jẹ́ pé nǹkan tí a ò gbàdúrà sí ni a fi sí imú ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ di ojú."

Mẹ́túrọ̀nù di ojú. Ẹ gbà mí gbọ́, obìnrin gíga yẹn, tó ti gbẹ̀bí ìdajì Arakale, di ojú rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ Ábúráhámù ni Màmá ti bẹ̀rẹ̀. Ó kọjá sọ́dọ̀ Ísáákì. Ó dúpẹ́ fún ẹ̀mí, ó dúpẹ́ fún iná mànàmáná, ó dúpẹ́ fún dírẹ́bà tó gbé ẹ̀rọ dé láyọ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan kí Ọlọ́run lè mọ ẹni tó dá owó àti ẹni tí kò dá. Mẹ́túrọ̀nù ń ṣe Àmín, ojú kan dì, ojú kan ń wò mí, omi sì ń jáde lójú tó ń wò mí. Mo kórìíra Màmá lọ́jọ́ yẹn, mo kórìíra àlùfáà, mo kórìíra Nóà pàápàá tí kò tiẹ̀ dárúkọ rẹ̀. Èémí tó kù fún mi ò ju ti ẹni tó ń fi sítírọ́ọ̀ fa ẹ̀kọ gbígbóná lọ. Mo fà á, ó dún. Yàrá náà kéré, fóònù sì wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"...kí ẹ̀rọ yìí jẹ́ ohun ìyè," ni Màmá ń wí, "kí ẹ̀mí ọmọ ẹnikẹ́ni má ṣe bọ́ ní..."

Ó dákẹ́.

Mo tún fà á. Fíìn.

"Kí ló ń dún yẹn?" Màmá wí.

Mẹ́túrọ̀nù ò mọ̀ bóyá ara àdúrà ni.

"Kí ló ń dún yẹn?" Lẹ́yìn náà ló wá kígbe. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, mi ò gbọ́ igbe lẹ́nu obìnrin náà rí, ohùn ọ̀gá iléèwé ni mo mọ̀ mọ́ ọn. Ti ọjọ́ yẹn kì í ṣe ohùn tíṣà, kì í sì í ṣe ohùn ṣọ́ọ̀ṣì. Ohùn obìnrin Oǹdó ni, nínú ilé ìdáná. "Ọma mi rèé! Já a! Ẹ já a dànù! Ọma mi rèé o!"

Ọ̀rẹ́ mi já a. Kò tú u, eyín ló fi já kókó rẹ̀. Ó fa léèsì ya sí méjì. Mẹ́túrọ̀nù la ojú, ó da oògùn sí i, ó ki wáyà rẹ̀ bọ ihò iná lára ògiri, ó fi ike bo ojú mi. Ẹ̀rọ kékeré yẹn kùn bí ẹ̀rọ ìlọta. Mo fa ìkùukùu símú. Fún ìgbà díẹ̀ kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀, lẹ́yìn náà ni nǹkan kan tú nínú àyà mi. Fóònù ṣì wà lórí bẹ́ǹṣì. Màmá ò gbé tirẹ̀ sílẹ̀. Ó ń gbọ́ bí mo ṣe ń mí.

Ó dé Àkúrẹ́ kí oòrùn tó wọ̀. Ẹni tí kì í jáde dé ẹnu ọ̀nà láìdé fìlà, sílípáàsì inú ilé ló wọ̀, ìró rẹ̀ sì yí sẹ́yìn. Kò kí Mẹ́túrọ̀nù. Ó jókòó tì mí lórí bẹ́ẹ̀dì, ó yí mi padà bí ẹni yí iṣu, ó fi etí lé ẹ̀yìn mi. Ó pẹ́ níbẹ̀. Etí rẹ̀ tutù.

"Báyìí ló ṣe ń dún," ló wí sí ẹ̀yìn mi. Mo mọ ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ọmọ rẹ̀ tí mo máa ń rí nínú aṣọ iléèwé lára ògiri. "Láti Bọ́lọ́rundúró, lórí lọ́rì kòkó. Ọ̀nà ò dáa. Mo gbé e lé ẹsẹ̀, mo di ojú, mò ń gbàdúrà. Ó ń dún, mò ń gbàdúrà. Nígbà tó yá, kò dún mọ́. Mo gbọ́ pé kò dún mọ́." Ó gbé etí kúrò lẹ́yìn mi. "Mi ò la ojú. Mo parí àdúrà náà."

Inú tó ti ń bí mi sí i láti àárọ̀ kúrò ní gbogbo ara mi, ìfẹ́ ló rọ́pò ẹ̀, ìfẹ́ tó dunni. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mẹ́túrọ̀nù bọ́ síta, a gbọ́ bó ṣe ń fọn imú rẹ̀ ní ọ̀ọ̀dẹ̀.

Àlùfáà àgbà ráyè nígbẹ̀yìn. Pátákó pé, oyè olóògbé wà lórí rẹ̀, orúnkún akápò gbọ́. Mẹ́túrọ̀nù ra léèsì tuntun àti rìbọ́ọ̀nù tuntun ní Ọjà Ọba, ó dì í dáadáa, ó tún fi abẹ́rẹ́ rán an kí ẹlẹ́yín kan má baà sún mọ́ ọn. Àwọn ìyá Oǹdó dé nínú bọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n kún inú àgbàlá, gbogbo wọn ń tọ́ àwa akẹ́kọ̀ọ́ sọ́nà bí a ṣe máa to àga. Mo rí ọ̀kan lára wọn tó ti ń já ọ̀rá bisikíìtì lábẹ́ ìborùn. Ó mọ ẹni tó máa gbàdúrà.

Àlùfáà sọ̀rọ̀, ó kéde pé kí ìyá wa, olórí ẹgbẹ́, wá gé rìbọ́ọ̀nù, kí wọ́n sì fi àdúrà ya ẹ̀rọ náà sí mímọ́. Gbogbo èèyàn gbé ìdí sọ́tùn-ún, gbé ìdí sósì, wọ́n wá ibi tí ara á ti dẹ̀ wọ́n. Àwọn ọlọ́mọ fi ọmú sí ọmọ lẹ́nu.

Màmá Oǹdó dìde, fìlà rẹ̀ pé lórí. Kò gba sísọ́ọ̀sì tí wọ́n nà sí i. Ó fi ọwọ́ fa rìbọ́ọ̀nù náà, òwú Mẹ́túrọ̀nù já pọ̀ọ́, ó ká léèsì, ó fi sábẹ́ apá. Lẹ́yìn náà ó wá mi kiri láàárín èrò títí ojú rẹ̀ fi bá tèmi.

"Mo ti gbàdúrà rẹ̀ lórí fóònù," ló wí. "Àmín ló kù."

Àlùfáà ń wo Mẹ́túrọ̀nù, Mẹ́túrọ̀nù ń wo ilẹ̀, ìyá tó ń jẹ bisikíìtì gbàgbé ẹnu ní yíya.

Èmi ni mo kọ́kọ́ ṣe é. Mo pariwo rẹ̀ débi tí ọlọ́kẹ̀kẹ́ tó ń kọjá lójú títì fi bojú wẹ̀yìn, torí èémí wà láyà mi.